Kí Ìjàpá yín má baà di ajẹ̀rẹ̀: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ìpẹtà tó sá pamọ́

Ìjàpá àkọ́kọ́ tí mo rà, ìyẹn mọ́tò Volkswagen Beetle, búlúù ni, ó ń dán gbinrin, ẹni tó tà á fún mi ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, ojú mi sì ti wọ ọkọ̀ náà lára débi pé mi ò béèrè ìdí tó fi kùn ún. Ọ̀sẹ̀ kẹta táyà ẹ̀yìn jò, mo ki jáàkì bọ ibi tí wọ́n ṣe fún jáàkì lábẹ́ ẹ̀, mo ń yí i, jáàkì ń gòkè, ọkọ̀ ò kúrò lójú kan. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, jáàkì ti wọnú bọ́dì lọ, irin ibẹ̀ ń já sílẹ̀ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo àlùbọ́sà gbígbẹ. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń bá ìpẹtà fà á, àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí sì nìyí, ó ju ìdajì wọn lọ tí èmi fúnra mi ti ṣe rí.

Ìjàpá ni màá fi ṣàpẹẹrẹ torí òun ni mo mọ̀ jù. Bọ́dì ẹ̀ wà lọ́tọ̀, ilẹ̀ ẹ̀ wà lọ́tọ̀, bóòtù ni wọ́n fi dè wọ́n pọ̀. Lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, irin gígùn kan wà tínú ẹ̀ ṣófo bíi páìpù, heater channel ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni ooru ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ń gbà dé iwájú. Nílùú táa ti ń làágùn látàárọ̀, ta ló ń wá ooru? Ṣùgbọ́n irin yẹn náà ló gbé gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ dúró. Bí rọ́bà ilẹ̀kùn tàbí rọ́bà gíláàsì bá ti gbó, omi á yọ́ wọ inú ẹ̀, á jókòó pa síbẹ̀, ojú ẹnikẹ́ni ò ní tó o. Àwọn Ìjàpá tí iléeṣẹ́ Volkswagen tò l'Ọjọ́, l'Ékòó, lójú ọ̀nà Badagry láti 1975, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ń mí atẹ́gùn òkun oníyọ̀ láti kékeré, ẹ má retí kí inú wọn mọ́.

Àṣìṣe tó ṣáájú gbogbo ẹ̀ ni ká máa fi ojú lásán ra mọ́tò. Ẹ wá òòfà kékeré, irú èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì, ẹ fi áńkáṣíìfù wé e kó má baà ha péńtì, ẹ máa wọ́ ọ lọ lára bọ́dì, pàápàá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀yìn fẹ́ńdà. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́, fílà, nǹkan bí amọ̀ tí àwọn panẹ́bítà fi ń dí ihò, ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án náà, irin máa ń dún gbangan, fílà á kàn dún bù bí ìgbà téèyàn lu ògiri alámọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tú nǹkan: ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé ẹ́sítírà táyà kúrò níwájú kẹ́ẹ wo kòtò tó jókòó sí, kẹ́ẹ wá fi síkúrúdíráfà tẹ abẹ́ heater channel. Bó bá wọlé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹni tó ń tà á tó bá ní kẹ́ẹ má tẹ ibẹ̀, ẹ kí i, kẹ́ẹ máa lọ sílé yín. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tún wà báyìí tó ń so mọ́ fóònù, ẹ lè tì í gba ihò omi wọnú ibi tójú ò lè dé, tèmi yà mí lẹ́nu, mo rí yẹ̀pẹ̀, ewé, àti ìtẹ́ kòkòrò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ bátìrì ńkọ́. Abẹ́ síìtì ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà, orí irin ilẹ̀ ọkọ̀ gan-an. Ásíìdì tó bá ń kán díẹ̀díẹ̀ á jẹ péńtì, á jẹ irin, ẹ ò ní mọ̀ torí síìtì bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni ká gé pákó kan sábẹ́ ẹ̀, a rò pé à ń dáàbò bo irin, pákó yẹn kàn ń fa ásíìdì mu ni, ó ń fi í pa irin lára tọ̀sántòru. Mo gbé pákó tèmi, ilẹ̀ bá a wá sókè, mo ń wo títì láti inú mọ́tò. Ẹ fi omi tí wọ́n po baking soda sí fọ ibẹ̀ títí tí kò fi ní hó mọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá kùn ún dáadáa kẹ́ẹ tó gbé bátìrì sórí àwo oníke. Kẹ́ẹ sì rí i pé ìdérí wà lórí bátìrì náà, sípíríìǹgì síìtì tó bá kan orí ẹ̀ lè dáná, Ìjàpá tó ti jó báyẹn ò kéré.

Àṣìṣe tó gba owó lọ́wọ́ mi jù ni bíbo ìpẹtà mọ́lẹ̀. Panẹ́bítà kan sọ fún mi pé ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú, ó lẹ fáíbà mọ́ ihò náà látìta, ó fi fílà gún un, ó kùn ún, ó rẹwà lóòótọ́. Òjò ọdún kejì péńtì bẹ̀rẹ̀ sí í wú kékeré kékeré bíi èéwo. Ṣé ẹ rí i, ìpẹtà máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ, tó bá ń dàgbà lẹ́yìn fílà ó máa tì í jáde ni, fílà fúnra ẹ̀ sì máa ń fa omi mu. Irin tó ti jẹrà, gígé ló wà fún un, kẹ́ẹ gé e títí dé ibi tí irin ti mọ́, kẹ́ẹ jó irin tuntun mọ́ ọn.

Kọ̀ǹdẹ́m ọ́ìlì wá ńkọ́? Wọ́n máa ń fọ́n ọn sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n láwọn bàbá wa náà ṣe é. Mi ò bá wọn jiyàn pé irin tó ní ọ́ìlì lára ò tètè dógùn-ún, àmọ́ ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó ń kó eruku jọ tó ń mu omi, ó sì ń kán sílẹ̀ kiri. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni undercoat dúdú tàbí ọ̀dà títì tí wọ́n ń kùn lé ìpẹtà láìhá a. Tó bá ti gbẹ tó sán, omi á wọ ẹ̀yìn ẹ̀, kò tún ní rọ́nà jáde, abẹ́ ọkọ̀ á dúdú minijọ lójú yín, irin á ti lọ.

Tó bá wá di ọ̀rọ̀ wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé heater channel méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n kọ́kọ́ fi páìpù dè ẹnu ilẹ̀kùn látiwájú dẹ́yìn, tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́dì á rọ̀, ilẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́ láé. Kí wọ́n tú bátìrì, kí wọ́n sì gbé táǹkì epo kúrò, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú ló wà, nítòsí kòtò ẹ́sítírà táyà tí wọ́n fẹ́ jó yẹn gan-an.

Rust converter, oògùn ìpẹtà tí wọ́n ń tà, ìpẹtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣì lẹ̀ mọ́ irin ló wà fún, ó ń sọ ọ́ di dúdú, ẹ há ibẹ̀ pẹ̀lú wáyà bọ́rọ́ọ̀ṣì kẹ́ẹ tó fi í, kẹ́ẹ sì kun púráímà lé e lórí. Kò lè sọ ihò di irin o.

Inú ibi tí ọwọ́ ò lè dé, cavity wax, ìyẹn ọ̀rá tó ń dáàbò bo inú irin, lẹ máa fọ́n sí i, nípasẹ̀ rọ́bà gígùn tó ń fọ́n káàkiri. Lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ iná ni o, ẹni tó bá fọ́n wax tán tó wá pe wẹ́dà ń wá iná ni. Ìgbà ọyẹ́ ló dáa jù, kẹ́ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ fọ́jọ́ mélòó kan kí inú gbẹ, torí wax tí wọ́n fọ́n lé omi, omi yẹn ni wọ́n tì mọ́lé. Tapólì tí wọ́n ń wé mọ́ ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òjò, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Tẹ́ẹ bá fọ́n ọn tán, ẹ mú wáyà, kẹ́ẹ padà tú àwọn ihò omi ìsàlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wax máa ń dí wọn. Á máa kán fún bí ọjọ́ méjì, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ̀. Èmi ò tẹ́ ẹ, ìyàwó mi ṣì ń fi àmì tó wà níwájú ilé wa hàn mí.