Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ọmọdé ní Aago Wíwò

Ẹ kọ́kọ́ wo aago tó wà lára ògiri yín. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n pín níbi òkú àgbà ni, tí àwòrán bàbá olóògbé ti gba gbogbo ojú rẹ̀, tí kò sí nọ́ńbà kankan níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́ ọmọ. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ pé láti 1 dé 12 ni kí ẹ wá, kí bátìrì rẹ̀ sì dára. Nílé tèmi, aago pálọ̀ dúró sójú kan fún nǹkan bí oṣù méjì kí ẹnikẹ́ni tó rántí ra bátìrì. Ọmọ wa kékeré ti gbà pé ọ̀ṣọ́ ni.

Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ti mọ ọjọ́ kó tó mọ aago. Ó mọ ìgbà tí àkùkọ ń kọ, ó mọ ìgbà tí ẹlẹ́kọ ń polówó, ó mọ ìgbà tí adìẹ ń wọlé sùn. Orí ìyẹn ni kí ẹ kọ́ ọ lé. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kàn máa nawọ́ sí aago, kí ẹ máa sọ ọ́: "Aago méje òwúrọ̀ rèé, ó yá, ẹ wá mu ògì." "Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù, ẹ jẹ́ ká lọ kó ẹyin." Ẹ má tíì bi í ní ìbéèrè kankan.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àwo ìjẹun ya ojú aago róbótó sára páálí. Ẹ kọ 12, 6, 3 àti 9 kí ẹ tó kọ ìyókù, kí àlàfo wọn lè dọ́gba. Ẹ ṣẹ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan kúkúrú, kí ẹ fi ìṣó tín-ín-rín gún un mọ́ àárín kó lè máa yí. Ẹyọ kan ṣoṣo o! Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń kánjú nìyí. Ọwọ́ kúkúrú nìkan tó fún ọmọ láti sọ pé "aago mẹ́ta," "ó ti kọjá aago mẹ́ta díẹ̀," "aago mẹ́ta àbọ̀," "aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ̀ lù." Bó bá gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó gbà á.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá fi ọwọ́ gígùn sí i. Ẹ to hóró àgbàdo márùn-ún sáàárín nọ́ńbà kan àti èkejì, yípo. Ọmọ yóò fọwọ́ kà á: márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí dé ọgọ́ta. Yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni 3 jẹ́ fún ọwọ́ gígùn.

Apá òsì aago ló ń da ọmọ láàmú. Bí aago mẹ́rin bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, yóò ní "aago mẹ́rin kọjá àádọ́ta," torí ọwọ́ kúkúrú ti fẹ́ẹ̀ kan 4. Ẹ má nà án, ojú rẹ̀ kò purọ́. Ẹ bi í pé, "Ṣé ó ti dé 4 ni, àbí ó ṣì ń bọ̀?" Kí ó wá ka hóró àgbàdo tó kù kí ọwọ́ gígùn tó dé 12. Mẹ́wàá ni yóò bá níbẹ̀. Ọmọ tó bá ti ń ka ẹẹ́rìndínlógún mọ̀ pé mẹ́rin ló dín nínú ogún. "Ku" kò yàtọ̀ sí i.

Bí àyè bá wà, ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ lágbàlá, kí ọmọ máa fi òkúta sàmì sí orí òjìji rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé òjìji kì í kúrú jù ní aago méjìlá. Ní Ìbàdàn, ó sábà máa ń sún mọ́ aago kan ọ̀sán kó tó rí bẹ́ẹ̀. Aago kan náà ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, oòrùn sì ti dé orí Maiduguri fún ohun tó lé ní ìdajì wákàtí kó tó dé orí tiwa.

Aago orí fóònù, ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá. Ọmọ lè ka 3:50 níbẹ̀ láì mọ̀ pé aago mẹ́rin ti fẹ́ẹ̀ lù.

Bó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ fi iṣẹ́ kan lé e lọ́wọ́, bíi kó máa kó ẹyin ní aago mẹ́rin láìjẹ́ pé ẹ pè é. Bí àkókò bá tó tí kò tíì dìde, ẹ má pariwo. Ẹ kàn bi í pé kí ni ọwọ́ kúkúrú ń sọ.