Ẹ má lé e lọlé o: bá a ṣe ń bá ọmọ wí nínú ọgbà iléèwé

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn a fún ọmọ JSS3 kan ní sọ̀spẹ́ńṣọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì, ó bú tísà, ó sì tún fọ́ gíláàsì lúfà méjì. Lọ́jọ́ kẹrin mo wọ dáńfó ní Ojúẹlẹ́gba, mo ń gbọ́ tí kọ́ńdọ́ ń pariwo "Yábà, Yábà, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o", ohùn yẹn ò ṣàjèjì sí mi, ni mo bá bojú wẹ̀yìn, àṣé ọmọ wa ni, ó rọ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn, ó ká owó sáàárín ìka. Nígbà tó kàn mí, ó ní "Mà, ẹ fi sílẹ̀, mo ti bá yín san án." Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́ o! Àwa rò pé ìyà la fi jẹ ẹ́, àṣé iṣẹ́ la bá a wá.

Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń jà nínú sítáàfù rúùmù pé ká má lé ọmọ lọlé mọ́, ká fi í sí yàrá kan lọ́tọ̀ nínú ọgbà iléèwé, kó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ títí ọjọ́ ẹ̀ á fi pé. Lílé ọmọ lọlé, họ́lídè ni. Ìyá ti jáde lọ Oyíngbò kílẹ̀ tó mọ́, bàbá wà níbi iṣẹ́, ta ló máa ṣọ́ ọ? Bẹ́ẹ̀ òfin UBE, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ti ọdún 2004 ló sọ pé ọdún 9 àkọ́kọ́, láti pírámárì dé JSS3, dandan ni, òbí tí ò bá rán ọmọ ẹ̀ wá, ọ̀ràn ló dá, àwa tísà la wá ń fọwọ́ ara wa tì í jáde.

Bá a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ wá yàrá kan tó ní fèrèsé, tó sún mọ́ sítáàfù rúùmù, kì í ṣe sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Tábìlì mẹ́ta ti tó. Tọ́mọ bá ti ju mẹ́rin lọ níbẹ̀, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fàájì nìyẹn.

Èyí tó le jù ni ẹni tó máa jókòó tì wọ́n. Tísà ò tó, mo mọ̀. Ohun táwa ṣe ni pé a mú taimutébù, a wo ẹni tí ò ní kíláàsì ní píríọ́dù kọ̀ọ̀kan, a kọ orúkọ ẹ̀ sí bébà, VP, ìyẹn igbákejì pìrìnsípà, fọwọ́ sí i, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Tẹ́ ẹ bá ní "ẹni tó bá ráyè", kò sẹ́ni tó máa ráyè. Ẹ má sì gbé e fún tísà tí gbogbo ọmọ ń gbọ́ ohùn ẹ̀ tí wọ́n ń sá, torí ọmọ ò ní lanu sọ ohun tó ń ṣe é níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ ra nóòtì ńlá kan: orúkọ ọmọ, déètì, ohun tó ṣe, ọjọ́ tó máa lò. Ohun tó ṣe ni kẹ́ ẹ kọ o, ẹ má kọ irú ẹni tẹ́ ẹ rò pó jẹ́. "Ó da omi sórí rẹ́jísítà", ìyẹn yé èèyàn. "Ọmọ burúkú ni", kí nìyẹn fẹ́ ṣe fún wa? Ọjọ́ mẹ́ta lèmi ò kọjá láé.

Ọmọ náà máa wà ní asẹ́ḿbílì bíi tàwọn yòókù, láti ibẹ̀ ló ti máa lọ sí yàrá yẹn, ó dìgbà tí wọ́n bá jáde. Kíláàsì tísà máa fi iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ránṣẹ́, torí CA, máàkì iṣẹ́ àti ìdánwò kéékèèké tá à ń gbà jọ ní táàmù, ò dúró de ẹnì kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kó kọ "mi ò ní pariwo mọ́" nígbà 500, ẹ fẹ́ kó fẹ́ràn bíírò, ẹ tún wá ń fi bíírò fìyà jẹ ẹ́. Ìkúnlẹ̀ àtàárọ̀ dalẹ́ náà, rárá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó sọ di tiẹ̀ ní 2007, dáàbò bo iyì ọmọ. Kó jẹun, àmọ́ kó jẹ́ lẹ́yìn táwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá ti padà sí kíláàsì, ibẹ̀ gan-an ló ti ń dùn wọ́n jù.

Lọ́jọ́ kìíní èmi kì í bá wọn sọ̀rọ̀, inú wọn ṣì ń ru. Tó bá dọjọ́ kejì, mi ò ní bi í pé "kí ló dé tó o fi ṣe é", ẹ bi í bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ gbọ́ "nọ́tíìn, mà". Mo máa ní "kí ló ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yẹn, bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó o jí". Ọmọbìnrin kan tó ń pẹ́ lójoojúmọ́, bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn: ó máa pọn omi, ó máa mú àbúrò ẹ̀ méjì dé iléèwé wọn, kó tó rìn wá sí tiwa. Ìgbà tá a gbọ́, a ò fìyà kankan jẹ ẹ́ mọ́, VP gbà kó máa wọlé ní 8:15.

Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́, kó tún un ṣe. Ọmọ lúfà yẹn, tó bá jẹ́ ìsinsìnyí ni, ọ̀dọ̀ káfíńtà ló máa dúró sí lẹ́yìn kíláàsì, òun láá bá a di gíláàsì mú títí á fi wọlé. Àwọn tó jà, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fọ́jọ́ méjì, lọ́jọ́ kẹta ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó kojú ara wọn lọ́dọ̀ káńsẹ́lọ̀, tísà tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn.

Ẹ pe òbí, ṣùgbọ́n ẹ má pe ìyá ọlọ́jà wá ní aago mẹ́wàá, ẹ ti ba ọjà ẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Fóònù ti tó. "Ẹ kú ọjà mà. Èmi tísà ọmọ yín ni. A ò lé e o, ọ̀dọ̀ wa ló wà, a kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pó jà ni." Ohùn wọn máa rọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ, ẹgbẹ́ òkùnkùn, oògùn olóró, tàbí kí wọ́n fọwọ́ kan ọmọ lọ́nà àìtọ́, yàrá yìí kọ́ ló wà fún. Pìrìnsípà àtòbí ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Tọ́jọ́ ẹ̀ bá pé, kí ẹnì kan sìn ín dé kíláàsì, kẹ́ ẹ sì ti kìlọ̀ fún tísà tó wà níbẹ̀ kó má ní "ẹlẹ́wọ̀n ti dé o", mo ti gbọ́ ọ rí, ọmọ náà ò tún wá iléèwé lọ́jọ́ kejì.

Lóṣooṣù, ẹ ṣí nóòtì yẹn. Tórúkọ ọmọ kan bá ti wà níbẹ̀ nígbà mẹ́ta, yàrá ò ṣiṣẹ́ fún un, ẹ wá nǹkan míì. Tó bá sì jẹ́ kíláàsì tísà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ti ń wá, tísà yẹn ni kẹ́ ẹ pè sí ọ́fíìsì. Tí sẹ́ṣọ̀n bá parí, ẹ ti nóòtì náà mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù VP, kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ọmọ kankan lọ SS1.