Àwọn òfin tí mo fi de ara mi lójú títì Ìlú Ọba

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wakọ̀ ní Leeds, mo fun fèrè fún ìyá àgbà kan. Ìyá náà dúró létí ìlà dúdú-àti-funfun tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ fi ń sọdá, báàgì ọjà lọ́wọ́, kò tíì gbé ẹsẹ̀. Mo rọra tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, pín-ìn, bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn: Màmá, mo ti rí yín, ẹ máa kọjá. Ìyá ta gìrì. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó wò mí bí ẹni tí mo ṣépè fún. Ó kù díẹ̀ kí n sọ̀ kalẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Nílé, fèrè lẹnu ọkọ̀. Òun la fi ń kí ara wa, òun la fi ń sọ pé mò ń bọ̀, ṣé o ń lọ ni, kúrò lọ́nà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Níbí, ohun méjì péré ló ń sọ: ewu wà, tàbí òmùgọ̀ ni ọ́. Highway Code, ìwé òfin ojú títì wọn tí wọ́n ti ń tẹ̀ láti 1931, là á mọ́lẹ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ fun fèrè nígbà tí ọkọ̀ yín bá dúró, àfi tí ọkọ̀ mìíràn tó ń rìn bá fẹ́ kó yín síyọnu. Ní àdúgbò tí ilé pọ̀ sí, ẹ ò gbọdọ̀ fun ún rárá láti aago 11:30 alẹ́ títí di aago 7 àárọ̀. Láti ọjọ́ ìyá yẹn ni mo ti ń kó òfin jọ fún ara mi. Àwọn kan wà nínú ìwé ìjọba, àwọn kan jẹ́ tèmi nìkan. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà láti ilé dé ilé ni mò ń ṣe, aago mẹ́fà ìdájí ló sábà máa ń bá mi lójú títì, bóòjò ń rọ̀ tàbí yìnyín ń bọ́.

Ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ti ń yẹ̀. Ẹ lè fi ti Nàìjíríà wakọ̀ fún oṣù 12. Ọjọ́ tí ẹ di olùgbé ìlú yìí ni oṣù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ra ọkọ̀. Ará South Africa àti ará Zimbabwe lè gbé tiwọn lọ pààrọ̀. Àwa ò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè yẹn, a ní láti ṣe ìdánwò látìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ọdún 17. Provisional, láísẹ́ǹsì akẹ́kọ̀ọ́, ni ẹ ó kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, £34 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, £23: ìbéèrè 50, ẹ gbọ́dọ̀ gba 43, kí ẹ sì tún wo fídíò 14 tí ẹ ó ti tọ́ka sí ewu kó tó ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gba 44 nínú 75. Tí ẹ bá yege, ẹ ní ọdún méjì láti fi ṣe ti ojú títì, tó jẹ́ £62 láàárín ọ̀sẹ̀.

Owó ọ̀hún kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ni pé ìlà àwọn tó ń dúró de ìdánwò ojú títì gùn, ó lè gba oṣù púpọ̀. Arábìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní òun ti ń wakọ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ òun? Oṣù kẹwàá tó ti dé ìlú yìí ló tó rántí ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ìgbà tí ọjọ́ ìdánwò rẹ̀ máa fi dé, oṣù 12 ti pé. Láti ọjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni òfin kà á sí: lẹ́tà L níwájú àti lẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹni tó ti pé ọdún 21, tó sì ti ní láísẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́ta, jókòó tì í. Ta ló fẹ́ jí láago márùn-ún kó wá jókòó tì yín lọ síbi iṣẹ́? Ó padà sínú bọ́ọ̀sì. Bó bá ti dá wa ọkọ̀ ọ̀hún ni, ìnṣọ́ránsì ò ní dá a mọ̀, ọlọ́pàá sì lè gbé ọkọ̀ náà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, oṣù àkọ́kọ́ yín níbí ni kí ẹ gba provisional. Láàárín oṣù 12 yẹn, kò dí yín lọ́wọ́ àtimáa fi ti Nàìjíríà wakọ̀.

Èmi náà kùnà ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún 11 ni mo fi wakọ̀ láàárín Ìbàdàn sí Èkó! Wọ́n máa ń gba àṣìṣe wẹ́wẹ́ títí dé 15, ṣùgbọ́n ńlá kan ṣoṣo ti tó láti fìdí rẹmi, èmi sì yà sí ọ̀nà kejì láìwo díńgí. Ẹ̀gbọ́n ará Ìjẹ̀bú kan tó ń kọ́ni wakọ̀ gbé mi jáde lọ́jọ́ kejì. Ó jẹ́ kí n wà á fún ogún ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀, ó wá ní, "Ọmọ ìyá mi, o mọ ọkọ̀ wà. O ò mọ èèyàn wò." Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Nílé, ihò inú títì àti ọkọ̀ tó wà níwájú là ń wò. Ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹjọ́ tirẹ̀ ni.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń tọ̀ níbí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń ráhùn, ó ní báwọn náà ṣe ń tọ̀ ọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 tí ìjọba yí i sí ọ̀tún. Ibi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí ò le, ẹ ó kàn tẹ̀ lé èrò ni. Ibi tó bá dá páropáro lẹ ó ti ṣì í: ẹ ń jáde nílé epo láago mẹ́fà àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò sí lójú títì, ọwọ́ yín á kàn yí sítíárì síbi tó mọ̀ láti kékeré. Mo kọ ÒSÌ gàdàgbà sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú sítíárì, oṣù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àmì mìíràn tí mo ń lò ni pé ẹni tó di sítíárì mú ló gbọ́dọ̀ sún mọ́ àárín títì. Tó bá jẹ́ koríko ẹ̀bá ọ̀nà ni ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká yín, ẹ ti ṣìnà. Ní roundabout, ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún yín ló lọ̀nà, kì í ṣe ẹni tó láyà jù.

Iná iwájú ni àdììtú kejì. Nílé, ẹni tó bá fi iná ṣẹ́jú sí yín ń sọ pé òun ń bọ̀, ẹ má dán an wò. Níbí, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń sọ pé ẹ máa bọ̀, òun ń dúró. Òdìkejì gbáà! Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń dúró de ẹni tó ń dúró dè mí, tí àwa méjèèjì ń wo ara wa bí tọkọtaya tó ń bá ara wọn yan odì. Highway Code ò tilẹ̀ fọwọ́ sí ìkankan nínú méjèèjì: ó ní kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀ nìkan ni iná wà fún. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi iná ṣẹ́jú sí mi, mo máa ń dúró kí ọkọ̀ náà dúró ní tòótọ́, kí n wò bóyá kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù ò ní yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n tó kọjá. Tí mo bá ti kọjá, mo gbé ọwọ́ dúpẹ́. Wọn kì í gbàgbé ẹni tí kò bá gbé ọwọ́ yẹn.

Láti ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2022, tí ẹ bá fẹ́ yà sí àdúgbò kan, tí ẹnì kan sì dúró létí ibẹ̀ tó fẹ́ sọdá, òun ló kọ́kọ́ ń kọjá, kódà tí kò bá tíì fi ẹsẹ̀ kan títì. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó lè ṣeni léṣe jù ló ní ẹrù tó wúwo jù lọ́rùn. Tí ẹ bá fẹ́ kọjá lára oníkẹ̀kẹ́, ẹ fi ó kéré tán mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀. Ẹlẹ́ṣin ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó rí wọn lójú ọ̀nà oko: ẹ má sáré kọjá máìlì 10 ní wákàtí, ẹ fi mítà méjì sílẹ̀. Àṣà yìí ti wọ̀ mí lára débi pé nígbà tí mo lọ sílé ní Kérésì, mo dúró ní Mọ́kọ́lá kí ìyá kan lè sọdá. Ìyá ò sọdá. Ó sún mọ́ fèrèsé, ó ní, "Ṣé ọkọ̀ yín bàjẹ́ ni, ọmọ mi?"

Máìlì ni wọ́n fi ń ka eré níbí. 60 tí a mọ̀ sí jẹ́jẹ́ nílé ń lọ bí kìlómítà 100. Tí ẹ bá rí òpó iná tí ẹ ò rí pátákó tó ń sọ bí eré ṣe gbọ́dọ̀ mọ, ẹ kà á sí 30; ní Wales, 20 ni láti oṣù kẹsàn-án 2023. Ní máìlì 30, ọkọ̀ á rin mítà 23 kó tó dúró. Ní 70, mítà 96 ni, bí ìgbà tí èèyàn bá rin pápá bọ́ọ̀lù já, ilẹ̀ gbígbẹ sì ni mò ń wí o. Wọ́n ní kí àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yin àti ọkọ̀ iwájú tó ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Èmi ò ń wo aago. Tí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá òpó kan, mo máa ń sọ pé, "Olúwa ṣọ́ mi, Olúwa ṣọ́ wọn." Tí mo bá dé ìdí òpó kí n tó parí ẹ̀, mo ti sún mọ́ ọn jù. Tí òjò bá ń rọ̀, mo máa ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Pigeonhole ni fóònù mi ń sùn sí. Ìyá mi mọ̀ báyìí pé tí mi ò bá gbé e, orí sítíárì ni mo wà. Owó ìtanràn £200 àti pọ́íǹtì 6, àmì ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń kọ sórí láísẹ́ǹsì, ni ẹni tó bá gbé fóònù lọ́wọ́ ń gbà, kódà tó bá jẹ́ pé iná pupa ló dá a dúró. Láàárín ọdún méjì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì, pọ́íǹtì 6 ni wọ́n fi ń gbà á padà. Ìpè kan ṣoṣo, ẹ ti padà sídìí provisional.

Tí kámẹ́rà bá ká yín lórí eré, lẹ́tà máa ń wá sílé ẹni tó forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní kó sọ ẹni tó wakọ̀ láàárín ọjọ́ 28. Ẹ sọ òótọ́. Àwọn kan máa ń ní kí ẹ̀gbọ́n tó ti pẹ́ níbí gba pọ́íǹtì náà, "òun ò ní nǹkan kan lórí láísẹ́ǹsì tiẹ̀." Chris Huhne, tó ti ṣe mínísítà rí, dán an wò: kámẹ́rà ká a ní 2003, ìyàwó rẹ̀ gbà á sórí ara rẹ̀. Ní 2013, oṣù mẹ́jọ-mẹ́jọ ni ilé ẹjọ́ dá fún àwọn méjèèjì lẹ́wọ̀n. Pọ́íǹtì mẹ́ta ni wọ́n ń sá fún. Tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ yí gíláàsì sílẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ síbi tí wọ́n ti lè rí i. Ẹ má sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí "ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀ níbí" jáde lẹ́nu yín. Tí ìwé ò bá sí lọ́wọ́, ọjọ́ méje ni wọ́n máa ń fúnni láti gbé e lọ sí àgọ́ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi, ẹ tẹ́tí sí èyí. Ìnṣọ́ránsì tó kàn ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́ kan tó sì ń gbé yín padà kò bo ìrìn láti ilé aláìsàn kan sí èkejì. Business use ni ẹ gbọ́dọ̀ gbà, ẹ sọ fún wọn kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ má sì fi orúkọ ẹ̀gbọ́n ra ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń wà á lójoojúmọ́, jìbìtì ni wọ́n ń pè é. Road tax, owó orí ọkọ̀, kì í bá ọkọ̀ lọ sọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ọjọ́ tí ẹ rà á ni kí ẹ san tiyín. Ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ ṣe MOT, àyẹ̀wò bóyá ó ṣì yẹ lójú títì, lọ́dọọdún. Ọmọdé á lo àga tirẹ̀ títí tó fi pé ọdún 12 tàbí tó ga tó sẹ̀ńtímítà 135, nítorí náà "ẹ sún, ó ṣì gba ẹnì kan" ti tán, kódà lọ́jọ́ òde.

Ní ìgbà òtútù, mo máa ń jáde pẹ̀lú ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ láti ha yìnyín kúrò lára gbogbo gíláàsì. Ẹni tó bá da omi gbígbóná sí i, gíláàsì lè sán. Ẹni tó bá kàn ha ihò kékeré tó lè yọjú níwájú, òfin ò gbà fún un. Ṣùgbọ́n oorun ń bà mí lẹ́rù ju yìnyín lọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ òru, tí mo bá ti yán lẹ́ẹ̀mẹta, mo máa ń yà síbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìtajà ńlá kan, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n sùn fún ogún ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kan, ogún ìṣẹ́jú di wákàtí mẹ́ta, wákàtí méjì péré sì ni wọ́n gbà kí ọkọ̀ lò níbẹ̀, kámẹ́rà ló ń kà á. Lẹ́tà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: £100, £60 tí mo bá tètè san án. Mo san án. Ní báyìí, mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó wọn kí n tó dijú, kí n sì ní kí fóònù jí mi nínú pigeonhole tó wà.