Bí Mo Ṣe Yẹ Apá Ọrun Tòkunbọ̀ Wò Kí Ẹnikẹ́ni Tó Fà Á

Ọrun méjì ni àbúrò mi rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Èkó, ó sì kó wọn wá sí Ìjẹ̀bú-Òde nínú bùútù mọ́tò. Irú èyí tí wọ́n ń tú sí mẹ́ta ni: igi ìdìmú ní àárín, apá òkè, àti apá ìsàlẹ̀, bóòtù ló so apá mọ́ ìdìmú. Orí apá méjèèjì yí síwájú, recurve tí àwọn tafàtafà máa ń lò ní Olympics náà nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn bá mi fojú wò ó, mo fẹ́ kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí."

Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní fa ọṣán kankan títí n ó fi yẹ apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Igi pẹlẹbẹ àti fáíbà (fibreglass) ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ṣe apá yìí. Bí èèyàn bá fa ọrun tán, tí ọwọ́ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo agbára tó fi fà á ti kó sínú apá, nítòsí ojú ẹni náà gan-an. Àwọn àgbà ti sọ ti ọṣán tó já, wọ́n ní ọrun á di ọ̀pá. Ti apá tó ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni ju kó di ọ̀pá lọ, nítorí ẹ̀gún fáíbà kì í wo ibi tó ń lọ.

Mo kọ́kọ́ tú ọṣán. Ọ̀kan nínú àwọn ọrun náà wà pẹ̀lú ọṣán lára láti Èkó, inú bí mi díẹ̀. Bùútù mọ́tò tí oòrùn ń pa lè gbóná débi tí gọ́ọ̀mù inú apá á máa rọ̀, ọṣán sì ń fà á ní gbogbo àkókò yẹn. Okùn ìtúṣán ni mo lò, èyí tó ní àpò awọ kékeré ní orí kọ̀ọ̀kan: ẹ ó ki orí apá méjèèjì bọ àpò, ẹ ó fi ẹsẹ̀ tẹ àárín okùn mọ́lẹ̀, ẹ ó sì fa ìdìmú sókè kí apá méjèèjì lè tẹ̀ lọ́gbọọgba. Àwọn tó ń ki ẹsẹ̀ kan bọ àárín ọrun àti ọṣán, tí wọ́n á wá fi itan tẹ̀ ẹ́, àwọn ló ń lọ́ apá ọrun tí wọ́n á tún máa bú ẹni tó ṣe é.

Nígbà tí mo tú bóòtù, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ikùn apá, ìyẹn ojú tó kọ sí ẹni tó ń fà á: 62", 30# @ 28". Ìyẹn ni pé ọrun náà gùn ní ínṣì 62, ó sì ń gba agbára pọ́n-ùn 30 bí a bá fà á dé ínṣì 28. Apá méjèèjì ni kí ẹ kà, ẹ má ka ẹyọ kan kí ẹ sọ pé ó ti tó. Mo ti rí ọrun tòkunbọ̀ tí tòkè jẹ́ 30 tí tìsàlẹ̀ jẹ́ 35. Ẹni tó tà á ṣa èyí tó bọ́ sí i lọ́wọ́ pọ̀ ni. Tiwa bára mu.

Mo fi aṣọ tútù nu eruku kúrò, mo jẹ́ kó gbẹ, mo sì mú òwú tí à ń rà ní kẹ́míìsì. Òwú yìí ni mo fi ń ra etí apá láti ìdí dé orí, láì tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ má fi ìka lásán ṣe é, nítorí ẹ̀gún fáíbà tó bá wọ ìka, ojú kì í tètè rí i, abẹ́rẹ́ kì í sì tètè yọ ọ́. Níbi tí fáíbà bá ti ṣí, òwú á há. Lára ọrun àkọ́kọ́, òwú yọ̀ lọ geere ní etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lára apá ìsàlẹ̀ ọrun kejì, ó há ní bí ínṣì 4 sí ìdí, fọ́nrán funfun bíi mélòó kan sì kù síbẹ̀ nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò. Mo fi bírò sàmì sí ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ inú yàrá, mo fa kọ́tìnì, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tan iná tààrà sí ojú apá, wọn kì í sì í rí nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ ni kí iná ti wá, kó sùn lé ojú apá, kí ohun tó bá ga díẹ̀ tàbí tó jìn díẹ̀ lè ní òjìji. Bí mo ṣe ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà yọ lára gbogbo wọn, àní lára apá tí òwú yọ̀ lórí rẹ̀. Àbúrò mi figbe ta pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì.

Ibí yìí ló ti yẹ kéèyàn fara balẹ̀, torí ìlà tó pọ̀ jù lára ọrun àtijọ́ kì í ṣe ti apá fúnra rẹ̀. Fáníìṣì òkè ló ń sán. Apá ọrun máa ń tẹ̀ gan-an, fáníìṣì kò sì lè tẹ̀ tó o, ó wá ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ á da ọrun tó dára nù, tàbí kó sọ pé "fáníìṣì ni" nípa èyí tó máa ṣẹ́ lọ́la.

Èékánná ni mo kọ́kọ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi èékánná àtàǹpàkò gba orí ìlà kọjá, kì í ṣe lójú ọ̀nà rẹ̀ o, mo fi dábùú rẹ̀. Bí èékánná bá kọ́ níbì kan, mo dúró síbẹ̀. Olùkọ́ ni mí, ṣọ́ọ̀kì ò wọ́n nílé mi: mo lọ ọ̀kan kúnná, mo fi ìka pa ìyẹ̀fun rẹ̀ sójú ibẹ̀, mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún kúrò. Fáíbà apá yìí dúdú, nítorí náà ohun tó bá gba ṣọ́ọ̀kì sínú á fara hàn. Lára ọrun àkọ́kọ́, aṣọ nu gbogbo rẹ̀ lọ, àfi òjìji fẹ́ẹ́rẹ́ níbì kan. Lára apá tí mo fi bírò sàmì sí, ìlà funfun kan kù tí kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó sì dábùú apá lọ sí àárín.

Bó ṣe dábùú yẹn gan-an ló ba apá náà jẹ́ lójú mi. Láti ìdí dé orí ni fọ́nrán inú fáíbà ń lọ. Ìlà tó bá bá fọ́nrán rìn, tó kúrú, tí kò sì kan etí, mo lè máa ṣọ́ ọ, kí n wọn gígùn rẹ̀ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí tó bá dábùú fọ́nrán ti gé wọn ni. Láti mọ̀ dájú, mo gbé apá náà lé orúnkún, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ìlà funfun náà sì la ẹnu. Ẹ̀yìn ọrun ló wà, ìyẹn ojú tó kọ sí ibi tí à ń ta ọfà sí. Bí a bá fa ọrun, ẹ̀yìn ni ó ń nà, ikùn tó kọjú sí wa ń sún kì. Sísán tó wà lẹ́yìn, ńṣe ni fífà á máa ń ṣí i sí i. Ẹ tún wo ikùn dáadáa, nítorí níbẹ̀ sísán máa ń pa ẹnu dé bí ọrun bá tẹ̀, ó sì rọrùn láti fojú fò ó.

Mo yẹ ìyókù wò síbẹ̀. Ní etí apá, ẹ ó rí àwọn ìpele: fáíbà, igi, igi, fáíbà. Àárín wọn ni mo tan iná sí, mo ń wá ibi tí gọ́ọ̀mù ti yà. Mo tún fi owó ẹyọ kan ń kan ojú apá pẹ́pẹ́ láti ìdí dé orí. Níbi tí ìpele bá ti yà sí ara, ohùn á yí padà, á dún bí ohun tó ní ihò nínú. Kò sí ìyẹn. Ihò bóòtù náà dára. Ibẹ̀ ni sísán máa ń bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá fún bóòtù ju bó ti yẹ lọ. Ojú ihò tí ọṣán ń há sí ní orí apá dán, ọṣán kò tíì jẹ ẹ́.

Káfíńtà àdúgbò ti dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn. Bàbá náà mọṣẹ́, òun ló ṣe gbogbo àga ilé mi. Ó gba apá náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ mi, Araldite lásán ni. N ó kun ún, n ó fi kílámpù há a mọ́jú." Mo kí i, mo dúpẹ́, mo sì ṣàlàyé fún un pé àga kì í tẹ̀. Gọ́ọ̀mù tí a bá fi dí sísán yẹn á le, kò ní lè bá apá tẹ̀, fọ́nrán tó ti gé kò sì ní so padà. Nílùú tí a ti ń tún fáànù, ọbẹ̀ àná àti bàtà ṣe, ó ṣòro láti sọ pé nǹkan kan kò ní àtúnṣe. Apá ọrun tó sán kò ní i. Bàbá káfíńtà mi orí, ó ní ó ga o.

Ọrun àkọ́kọ́ ni mo wá fi ọṣán sí. Láti orí apá ni mo ti fi ojú kan wo ọ̀nà ọṣán: ó gba àárín apá méjèèjì kọjá, kò yà sí ẹ̀gbẹ́, nítorí náà apá ò lọ́. Àlàfo láti ọṣán dé ìdìmú jẹ́ ínṣì 8. Fún ọrun tó gùn tó báyìí, ínṣì 7½ sí 8¼ ló wọ́pọ̀. Mo wọ awò ojú, mo yí orí kúrò, mo fa á díẹ̀díẹ̀ dé ìdajì, mo sì dá a padà jẹ́jẹ́. Mi ò jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́, nítorí bí kò bá sí ọfà tó máa gbé agbára lọ, inú apá ni gbogbo rẹ̀ á padà sí. Ọ̀pọ̀ apá ló ti ṣẹ́ nípa pé ọmọdé kan ń ṣeré báyẹn. Mo ń gbọ́ bóyá á dún kẹ́kẹ́. Kò dún. Mo fà á dé ibi tó yẹ, ó dákẹ́ síbẹ̀.

Ti ọrun kejì, àbúrò mi ní kí n jẹ́ kí òun gbé e dání pẹ̀lú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ òun lọ́jọ́ Ojúde Ọba, pé fún oge lásán ni. Mo ní kó gbé ìdìmú lọ tó bá wù ú. Nínú èrò tó máa ń wà níwájú ààfin lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ẹnì kan á ṣáà sọ pé "jẹ́ n fà á wò." Mo yá ayùn lọ́wọ́ bàbá káfíńtà, mo gé apá ìsàlẹ̀ sí méjì lójú ibi tó sán. Apá òkè tó kù ò ṣe é lò pẹ̀lú òmíràn tó kàn wà nílẹ̀, torí ńṣe ni wọ́n ṣe apá méjèèjì fún ara wọn. Ó ti ránṣẹ́ sí Èkó fún apá méjì tuntun, pọ́n-ùn 25 ni mo ní kó rà, torí ọmọdé ló máa fà á.