Bí Mo Ṣe Bá Wọn Gbin Ìrẹsì Inú Omi ní Mae Wang

Ìrẹsì Ọ̀fadà ni mo mọ̀ láti kékeré. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ti ń gbìn ín lọ́dọ̀ wa. Òjò ló ń bomi rin ín, ẹni tó gbìn ín á sì máa bá koríko jà títí yóò fi gbó. Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga rán mi lọ kọ́ṣẹ́ ní Chiang Mai, ní àríwá Thailand, ni mo tó fojú rí oko ìrẹsì tí omi bò láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, inú yàrá ìwádìí ni mo máa ń wà, tí mò ń yẹ ilẹ̀ inú ike wò. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ mọ bí ilẹ̀ yẹn ṣe ń rí lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló bá mi wá ọ̀nà sí i. Ó ní ìyá òun ní oko ìrẹsì ní abúlé kan ní Mae Wang, pé wọn yóò gbìn ní òpin oṣù keje, lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, pé tí mo bá lè ṣiṣẹ́ dé ìrọ̀lẹ́, kí n ká lọ.

A dé ibẹ̀ kí oòrùn tó mú. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá náà. Àwọn náà pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, wọ́n sì tẹ orí ba. Mae, ìyá, ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n fún mi ní akẹtẹ̀ kan àti ẹ̀wù òwú tí wọ́n fi ẹ̀lú pa láró, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ àríwá ti ń wọ̀ lọ sóko tipẹ́. Bí mo ṣe gbóòórùn aró lára rẹ̀ báyìí, ọkàn mi lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta.

Wọ́n ti túlẹ̀ sílẹ̀ dè wá. Láyé àtijọ́, ẹfọ̀n odò ló ń fa ohun ìtúlẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí èèyàn ń tẹ̀ lé lẹ́yìn ló gba iṣẹ́ náà, àwọn fúnra wọn sì ń pè é ní ẹfọ̀n onírin. Wọ́n á tú ilẹ̀ náà, wọ́n á jẹ́ kí koríko rẹ̀ jẹrà sínú omi, wọ́n á tún un tú, wọ́n á wá fi pákó wọ́ ọ kí ó tẹ́jú. Ibi pákó yìí ni mo bi Mae ní ìbéèrè jù. Bí apá kan bá ga, omi kò ní bò ó, koríko á hù níbẹ̀. Bí apá kan bá jin, ọmọ ìrẹsì á rì. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ń pò lápòtúnpò yìí tún máa ń dí ilẹ̀ ìsàlẹ̀, tí omi kò fi ní tètè gbẹ lọ. Omi náà ni ọkọ́ wọn: ó ń pa koríko tí àwa ń fi ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ ro ní Ọ̀fadà.

Igun kan nínú oko ni wọ́n ti kọ́kọ́ da irúgbìn sí, ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á gbé e pamọ́ kí ó hu èèhù, wọ́n á wá fọ́n ọn sórí ẹrẹ̀. Nígbà tí a dé, ó ti hù ṣùṣù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni pé kí a fà wọ́n tu. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ sún mọ́ gbòǹgbò, kí o di ìwọ̀nba mú, kí o fà á wá sọ́dọ̀ ara rẹ, má fà á sókè, torí bí o bá fà á sókè, igi rẹ̀ á já. Tí ọwọ́ rẹ bá kún, wàá na gbòǹgbò náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ kí ẹrẹ̀ lè jábọ́, wàá fi ọparun tí wọ́n là wẹ́wẹ́ so ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń gé ṣónṣó ewé rẹ̀ kúrò, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e ṣubú kí gbòǹgbò tó mú ilẹ̀. Ìró ìrẹsì tí wọ́n ń nà mọ́ ẹsẹ̀ yẹn dùn létí mi, torí gbogbo wọn máa ń bọ́ sí ìlù kan náà láìsọ fún ara wọn.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò fọ́n irúgbìn sínú oko tààrà, kí iṣẹ́ lè dínkù. Ọmọ Mae nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ebè: ẹyin pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ koríko. Ẹyin ìṣáwùrú ni. Ìṣáwùrú yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wọn. Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn èèyàn ló kó o wọ Éṣíà ní nǹkan bí ọdún 1980 sí i, kí wọ́n lè máa sìn ín jẹ. Ó bọ́ sínú oko, ó sì ń jẹ ìrẹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù tán pátápátá. Èyí tó ti pé oṣù kan ti le ju eyín rẹ̀ lọ. Ìdí mìíràn ni pé ìrẹsì tó ti ga ju koríko lọ ni wọ́n ń kó sínú omi, koríko kò lè bá a mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ọmọ ìrẹsì kan wọlẹ̀, Mae gbé òdòdó àti oúnjẹ díẹ̀ sí igun oko fún Mae Phosop, òrìṣà obìnrin tí wọ́n gbà pé ó ń gbé inú ìrẹsì. Nígbà tí ìrẹsì bá lóyún, kí ó tó tú orí, wọ́n tún máa ń gbé èso kíkan wá fún un, torí ohun tí aláboyún ń fẹ́ nìyẹn. A dúró jẹ́ẹ́ títí wọ́n fi ṣe tán.

Ìgbà yẹn ni gbígbìn gan-an bẹ̀rẹ̀. Ìdì kan á wà ní apá òsì. Ọwọ́ ọ̀tún á ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àtàǹpàkò á sì tì í wọnú ẹrẹ̀. Má tì í jìn, torí kò ní tètè yọ ẹ̀ka. Má fi í sókè, torí omi á gbé e. Àlàfo àárín wọn jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 25, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ráyè di agbo. Ẹ̀yìn ni a ń rìn, kí ẹsẹ̀ má bàa tẹ èyí tí a ti gbìn. Ẹ̀yìn á ro èèyàn, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá ti mọ ẹrẹ̀ náà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rántí fúnra rẹ̀. Ẹrẹ̀ náà lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lókè, ó tutù nísàlẹ̀. Eṣúṣú wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ dáadáa kò ní wàhálà púpọ̀.

Irúgbìn RD6 ni Mae ń gbìn, ìrẹsì lílẹ̀ tí wọ́n mú jáde ní ọdún 1977, nígbà tí àwọn onímọ̀ fi ìtànṣán gáńmà yí ìrẹsì olóòórùn dídùn tí wọ́n ń pè ní Khao Dawk Mali 105 padà. Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé gígùn ojúmọmọ ló ń tẹ̀ lé. Ìgbà tí ojúmọmọ bá kúrú lẹ́yìn òjò ló ń tanná, nítorí náà èyí tí wọ́n gbìn ní oṣù keje àti èyí tí wọ́n gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbó pa pọ̀. Gbogbo abúlé á máa kórè ní àkókò kan náà, gbogbo abúlé sì gbọ́dọ̀ rí omi ní àkókò kan náà.

Ohun tó mú kí n fẹ́ kọ èyí sílẹ̀ nìyẹn. Omi oko Mae kì í ṣe ti Mae nìkan. Láti orí odò, àwọn àgbẹ̀ fi ìdídò àti ọ̀nà omi pín in kiri, ètò tí wọ́n ń pè ní muang fai. Ó ti pẹ́ púpọ̀; òfin tí wọ́n so mọ́ orúkọ Ọba Mangrai, tó tẹ Chiang Mai dó ní ọdún 1296, ti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ló ń yan olórí tí yóò máa bójú tó o. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tóbi ni yóò mú iṣẹ́ wá jù nígbà tí wọ́n bá ń tún ìdídò ṣe, òun náà ni yóò sì gba omi jù.

Bákan náà ni ọwọ́ tí a fi gbìn. Àwọn aládùúgbò tó kún oko lọ́jọ́ Sátidé kò gba owó. Àáró ni wọ́n ń ṣe. Kì í ṣe ọ̀wẹ̀, tí èèyàn máa ń fi oúnjẹ bẹ àwọn ènìyàn sí lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń ka ọjọ́, ẹni tó gbìn fún Mae, Mae gbọ́dọ̀ gbìn fún un. Ní ọ̀sán, abẹ́ ahéré ni gbogbo wa ti jẹun: ìrẹsì lílẹ̀ tí wọ́n ti rẹ sómi mọ́jú, tí wọ́n sì fi èéfín omi gbígbóná sè nínú apẹ̀rẹ̀ ọparun. A ń bù ú lókèlè, a ń fi ọwọ́ rọ́ ọ, a ń fi í kan ata tútù sísun tí wọ́n gún pẹ̀lú àlùbọ́sà àti áyù nínú odó.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwa tó kù kò pọ̀, a sì parí rẹ̀ kí òjò ìrọ̀lẹ́ tó dé. Níbi tí a ti ń fọ ẹsẹ̀ ni ọmọ Mae ti sọ fún mi pé àáró yìí ń dínkù. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí ìlú ńlá, ọ̀pọ̀ oko tó wà lápá ìsàlẹ̀ sì ti yí padà sí fífọ́n irúgbìn tààrà pẹ̀lú oògùn apakoríko, torí kò sí ọwọ́ tí yóò gbìn ín. Ó dùn mí, mi ò sì lè bá wọn wí, èmi náà ò sí ní oko bàbá mi. Ṣùgbọ́n mo ti ń ro àwọn ilẹ̀ àbàtà tó wà nílẹ̀ wa, tí a kò fi ṣe nǹkan kan, bóyá ibi tó yẹ kí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ni àáró, kí a tó máa wá ẹ̀rọ.

Mae ní àwọn jẹ mí ní ọjọ́ iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fi ìkórè san án: oṣù kọkànlá ni, kí wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi dòjé gé e, àti bí wọ́n ṣe ń pa á. Wọ́n gbà. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé mi ò ní sí nítòsí lọ́sẹ̀ yẹn.