Ta ló ń ṣe iṣẹ́ ilé wa? Bí mo ṣe wádìí rẹ̀

Àwo kún síǹkì lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wá ń kùn pé èmi náà ni màá tún fọ̀ ọ́, pé èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́ ṣáá. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó kàn ní, "Ẹ̀yin kẹ̀?" Ọ̀rọ̀ méjì péré, àmọ́ kò jẹ́ kí n tètè sùn.

Orí ibùsùn ni mo wà tí mo fi rántí ìwádìí kan tí Michael Ross àti Fiore Sicoly, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, gbé jáde lọ́dún 1979. Tọkọtaya 37 ni wọ́n bi léèrè, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nípa 20 nǹkan tó máa ń wáyé nínú ilé: ta ló ń ṣe èyí, báwo sì ni ìpín tìẹ ṣe pọ̀ tó níbẹ̀? Nígbà tí wọ́n ro ti ọkọ mọ́ ti aya, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ju odindi lọ. Kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ yìn wọ́n nìkan ni wọ́n béèrè. Ẹni tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ náà wà lára rẹ̀. Wọn ò purọ́ o. Ohun tí ọwọ́ ẹni bá ṣe ni ọkàn ẹni ń tètè rántí. Ti ẹlòmíràn, ẹ̀yìn ẹni ló ti ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo pín bébà fún àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nílé: èmi, ìyàwó mi, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, àti ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún 13. Mo ní kí kálukú kọ ìdá iṣẹ́ ilé tó ń ṣe nínú 100, kó sì ká a kí ẹnikẹ́ni má rí i. Èmi kọ 45, ìyàwó mi kọ 70, àbúrò mi kọ 30, ọmọ wa kọ 25. Ọmọ náà ló rò ó pọ̀. Ó jẹ́ 170. "Dádì, àbí a tún ń bá àwọn ará ilé kejì ṣe tiwọn ni?"

Àwọn tó ń wádìí bí èèyàn ṣe ń lo àkókò ti wá nǹkan ṣe sí irú èyí tipẹ́. Láwọn ọdún 1960, Alexander Szalai, ọmọ Hungary, ló ṣáájú iṣẹ́ kan tó kárí orílẹ̀-èdè 12. Wọn ò bi èèyàn pé wákàtí mélòó lo fi ń gbálẹ̀. Ìwé tó kárí odindi ọjọ́ ni wọ́n ń lò, tí èèyàn á kọ ohun tó ń ṣe lákòókò kọ̀ọ̀kan sí, àti nǹkan mìíràn tó ń ṣe mọ́ ọn. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọgbọ́n yìí ni pé wákàtí 24 ò ṣeé fà gùn. Tí o bá bù kún ibì kan, dandan ni kí o bù ú kúrò níbòmíràn.

Mo ya tèmi. Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé ìṣẹ́jú 30 ni mo fi ṣe ìlà kọ̀ọ̀kan, kó má baà sú wa. Iṣẹ́ ilé wo ló ń tó ìṣẹ́jú 30? Kí a kó aṣọ wọlé, kí a nu omi tó dà sílẹ̀, kí a wá bàtà ọmọ: gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ sáàárín ìlà. Ìṣẹ́jú 10 ni wọ́n ń lò nínú irú ìwádìí yìí káàkiri Yúróòpù. Ìlà 144 lójúmọ́ nìyẹn, èmi sì ti pè é ní àṣejù. Lọ́jọ́ kẹta mo da èyí tí a ti kọ nù, a tún un bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi náà dá tiẹ̀. Tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́ ló máa ń jókòó kọ gbogbo ọjọ́ pọ̀. Ìwé náà ló tú u fó: gbogbo nǹkan ló ń bẹ̀rẹ̀ lórí aago géérégé, "8 sí 9, mò ń gbálẹ̀." Ilé wo ni wọ́n ń fi odindi wákàtí gbá? Mo ní kó máa mú un dání. "Bọ̀dá, ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni mí ni?" Ó mú un dání ṣá.

Tèmi ló burú jù, torí èmi ni olùwádìí. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń nu tábìlì tí kò dọ̀tí, nítorí ìlà kan tó ṣófo. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun kì í ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Mo yọ ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ nínú ìwé tuntun náà kúrò. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ìwé náà ti sú gbogbo wa, kálukú sì ti padà sí ìwà rẹ̀. Ọjọ́ méje tó tẹ̀ lé e ni mo kà.

(Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú gbé ìbéèrè náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dáhùn. Lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest gba èsì tó lé ní mílíọ̀nù 2 ní Amẹ́ríkà lórí ìdìbò ààrẹ, ó sì ní Landon ló máa wọlé. Roosevelt ló wọlé. Pé èèyàn tó dáhùn pọ̀ kò ní kí èsì jóòótọ́. Ilé mi ni mo fẹ́ mọ̀, ilé mi náà sì nìkan ni èsì mi lè sọ̀rọ̀ lé lórí.)

Mo gbé ìwé ìyàwó mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ọjọ́rú, aago 6:40 ìrọ̀lẹ́. Tiẹ̀: "Mò ń ká aṣọ." Níbi nǹkan mìíràn: "Mò ń wo iṣẹ́ àmúrelé ọmọ. Mò ń bá Mọ́mì sọ̀rọ̀ lórí fóònù." Ìyá tèmi ni Mọ́mì yẹn o. Ìwé tèmi: "Mo jókòó." Níbi nǹkan mìíràn, mo fa ìlà.

Àròpọ̀ ọjọ́ méje náà jẹ́ ìṣẹ́jú 2,470. Ìyàwó mi ṣe 1,240, èmi 530, àbúrò mi 390, ọmọ wa 310. Èmi tí mo pe ara mi ní 45, ìdá 21 àti díẹ̀ ni mo ṣe. Àmọ́ ìyàwó mi náà sọ 70, ó sì já sí 50. Mo rò pé mo ti ríbi sá sí.

Ó wo ìwé náà títí, ó ní, "Ẹ ò tíì ka èyí tí mò ń rò."

Òótọ́ ni. Allison Daminger, onímọ̀ nípa àwùjọ, fọ̀rọ̀ wá èèyàn 70 lẹ́nu wò, tọkọtaya 35, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2019. Ó pín iṣẹ́ orí yìí sí mẹ́rin: kí a rí ohun tó ń bọ̀ kó tó dé, kí a wá ọ̀nà tí a lè gbé e gbà, kí a pinnu, kí a sì máa ṣọ́ bóyá ó yọrí. Ìpinnu ni ọkọ àti aya sábà máa ń jọ ṣe. Rírí àti ṣíṣọ́ ló ń já lé obìnrin léjìká jù. Ìwé onílà 144 ò lè mú èyí, torí èèyàn lè máa wẹ̀ kó sì máa rò ó.

Mo pa ìwé tì, mo mú ohun kan ṣoṣo, ọṣẹ ìfọṣọ, mo wá ní kí ìyàwó mi sọ ìrìn àjò ọṣẹ náà fún mi látìbẹ̀rẹ̀. Òun ló rí i pé ó ti ń tán. Òun ló wo bí aṣọ tó kù ṣe pọ̀ tó. Òun ló fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mò ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tó tún rán mi létí lẹ́ẹ̀kejì. Èmi rà á. Tẹ́ ẹ bá bi mí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, màá sọ pé èmi ni mo ń mójú tó ọṣẹ nílé wa.

A fẹnu kò pé láti ìgbà yẹn lọ, tèmi ni ọṣẹ látòkè délẹ̀: màá rí i, màá rò ó, màá rà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọṣẹ tán. Ọjọ́ méjì ni aṣọ fi wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó mọ̀. Mo yíjú sí ìyàwó mi. Ó ti mọ̀ láti Ọjọ́ Ajé.