Bí a ṣe lè fi rọ́bà àti gúlúù mọ ìdí tí awọ fi ń hunjọ

Ẹni tó bá ti bu ògì gbígbóná sínú abọ́, tí ó sì gbé e sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, á ti rí awọ fẹ́lẹ́ tó máa ń bò ó lójú, àti bí awọ náà ṣe ń hunjọ ní ìlà-ìlà bí a bá fi ṣíbí tì í láti ẹ̀gbẹ́. A lè ṣe irú ìhunjọ yìí lórí rọ́bà, kí a sì fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Ẹ lọ bá fọkanáísà ní Ọ̀yìngbò, kí ẹ ra àlòkù túbù táyà ọkọ̀ akẹ́rù, nítorí ó nípọn ju ti mọ́tò kékeré lọ. Ẹ gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ kí gúlúù lè dì í mú. Ẹ fa ìlà méjì sí i tí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà síra. Ẹ kan orí kan mọ́ pákó, ẹ na án títí àlàfo náà yóò fi di 10.5, kí ẹ tó kan orí kejì. Ẹ wá fi gúlúù funfun àwọn káfíńtà kùn ún, kí ó fẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kánjú níbí: lásìkò òjò Èkó, gúlúù a máa gbẹ lójú kí inú rẹ̀ tó le, bẹ́ẹ̀ líle yẹn gan-an ni iṣẹ́ yìí dúró lé. Èmi a máa fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ẹ yọ ìṣó orí kejì, ẹ di rọ́bà náà mú ṣinṣin, kí ẹ sì máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí gúlúù bá le ní ìlọ́po 1,000 ju rọ́bà lọ, ìhunjọ yóò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí rọ́bà bá padà sẹ́yìn ní nǹkan bí ìdajì mìlímítà péré, àwọn ìlà rẹ̀ yóò sì dábùú ọ̀nà tí ẹ na án sí.

Gúlúù tó le kò fẹ́ tẹ̀ kọrọdọ, nítorí náà ìgbì fífẹ̀ ló ń wá (fífẹ̀ ìgbì ni láti orí ìlà kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e). Rọ́bà abẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ kí a fa òun sókè sódò jìnnà, ìgbì tóóró ló tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ibi tí méjèèjì bá ti gbà fún ara wọn ni fífẹ̀ ìhunjọ ń dúró sí. Bí gúlúù bá nípọn ní ìlọ́po méjì, ìgbì náà yóò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n líle rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 8 kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ìlọ́po 1,000 tí a sọ, ìgbì kan fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po 44 ìnípọn gúlúù: bí ẹ bá wọn mìlímítà 2.2, gúlúù yín nípọn tó mìlímítà 0.05, ìyẹn nǹkan bí ìdajì ìnípọn bébà ìtẹ̀wé. Níbi tí ìlà bá ti fẹ̀ ju ti ìyókù lọ, ibẹ̀ ni búrọ́ọ̀ṣì ti da gúlúù púpọ̀ sí.